Níbo ni mo lè mú bàbá mi lọ wo àwọn asọ̀rọ̀mágbèsì àtijọ́ l'Ékòó?

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bàbá mi pé ọdún 82 lóṣù tó kọjá. Èbúté Mẹ́ta ni wọ́n ti ń tún rédíò ṣe kí ojú wọn tó di bàìbàì. Àpá irin tí wọ́n fi ń jó òjé ṣì wà lórí àtàǹpàkò wọn. Mo bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fọwọ́ kan àpótí Rediffusion, ìyẹn rédíò oníwáyà, lẹ́ẹ̀kan sí i, èyí tí ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà fà wọlé àwọn ará Èkó ní 1935. Ẹ ò lè yí i sí ilé iṣẹ́ mìíràn, ohùn rẹ̀ nìkan lẹ lè gbé sókè. Omi bọ́ lójú mi.

Ìbàdàn ni ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV ti bẹ̀rẹ̀ ní 1959, ǹ bá mú bàbá lọ síbẹ̀, àmọ́ orúnkún wọn ò gba ìrìn yẹn. Ta ló dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Oníkan tàbí John Randle Centre, ilé àṣà Yorùbá tó wà l'Ékòó, láìpẹ́? Ṣé ẹ rí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀? Ṣé àtẹ̀gùn ibẹ̀ pọ̀? Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní àpótí náà nílé, kódà kó ti bàjẹ́, ẹ jẹ́ ká wá kí yín.