Àbùdá kọ́, àfòmọ́ kọ́: ẹ jẹ́ ká gba àlẹ̀mọ́

Okun o, ẹ̀yin ọmọ ilé. Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa láti Mopa dá sílẹ̀ ṣì ń jà ràn-ìn: kí ni ká máa pe attribute inú Rust (èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà), ìyẹn ìlà kékeré tó máa ń fi #[ bẹ̀rẹ̀, tí à ń kọ sórí function (abala kóòdù tó ń ṣe iṣẹ́ kan) tàbí struct (àkójọ dátà)? Ẹ̀gbọ́n ní àbùdá. Àwọn ará Isanlu ní àfòmọ́. Mi ò fara mọ́ ọ̀kankan; àlẹ̀mọ́, ohun tí a lẹ̀ mọ́ nǹkan láti ìta, ni tèmi.

Ohun tí wọ́n dá mọ́ nǹkan láti ìpilẹ̀ ni àbùdá. Ẹ wá wo Tokio, àkójọ kóòdù Rust tí àwọn ètò mìíràn ń lò, àti attribute cfg inú rẹ̀, tó ń sọ ìgbà tí kóòdù kan máa wà nínú ètò. Irú attribute yìí kì í kọjá ẹyọ kan ṣoṣo tó bá tẹ̀ lé e. Bí ogún function bá fẹ́ ẹ, ẹ̀ẹ̀mogún lẹ máa kọ ọ́, ẹ sì lè fo ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní màkírò (kóòdù tó ń kọ kóòdù mìíràn) bíi cfg_net!, tó ń gbá gbogbo wọn jọ. Bó ṣe rí ní ṣókí rèé:

macro_rules! cfg_net {
    ($($item:item)*) => {
        $(#[cfg(feature = "net")] $item)*
    }
}

Ìràwọ̀ ìparí ìlà kẹta yẹn ni kókó. Òun ló ní kí màkírò mú ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kó lẹ cfg mọ́ ọn, kó tún mú òmíràn. Bí ẹni tó ń lo Tokio kò bá tan net, ìyẹn apá Tokio tó jẹ mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, compiler (ètò tó ń sọ kóòdù di ohun tí kọ̀ǹpútà lè ṣe) á yọ gbogbo wọn dànù bí ẹni pé a ò kọ wọ́n rí. Ẹ wá mú function kan jáde kúrò nínú cfg_net!: lẹ́tà kan ò yí padà lára rẹ̀, àṣẹ yẹn ò sì sí lórí rẹ̀ mọ́. Ṣé bí wọ́n ṣe ń bọ́ àbùdá nìyẹn? Àpò gàrí tí wọ́n ń kó sọ́kọ̀ Lokoja ní Kabba, orúkọ ẹni tó ni ín ló wà lára rẹ̀. Ta ló ń pe orúkọ yẹn ní àbùdá gàrí?

Àfòmọ́ sàn díẹ̀, àmọ́ àwọn olùkọ́ èdè ti gbà á: “a” inú “apẹja” wọnú ọ̀rọ̀, ó sì sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ mìíràn. cfg kì í ṣe bẹ́ẹ̀. #[derive(Debug)] pàápàá, ẹ̀gbẹ́ struct ló ń kọ kóòdù tuntun sí. Lóòótọ́, #[tokio::main] ń tún function kọ. Ibẹ̀ nìkan lẹ ti lè mú mi.

Màkírò ní tirẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. “Ìkékúrú” tí ẹnì kan dábàá kò bá a mu, torí kóòdù ń pọ̀ sí i ni lẹ́yìn tó bá ṣiṣẹ́ tán. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó ju àlẹ̀mọ́ lọ, kó gbé e wá, kó sì fi cfg_net! dán an wò.