Owó ẹ̀yẹ ni, kì í ṣe owó ìfẹ̀yìntì

Ẹ̀yin ará, mo kí yín. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé kí ni a ó máa pè é ní Yorùbá bí òfin bá gba pẹ́ńṣọ̀n lọ́wọ́ olóṣèlú tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi ìwà àjẹbánu. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní kí a pè é ní "ìgbẹ́sẹ̀lé owó ìfẹ̀yìntì". Àbúrò wa kan fèsì pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó wà rárá, torí ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ti ṣiṣẹ́, ẹ̀tọ́ sì ni owó ìfẹ̀yìntì, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Mo ka ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Lójú tèmi, orúkọ tí a sọ owó yẹn ló ń da ìdájọ́ wa rú.

Ẹ jẹ́ kí a tú u wò. Ìfẹ̀yìntì: fi ẹ̀yìn tì. Ẹni tó ti rìn jìnnà ni, tó wá rí ògiri kan, tó gbé ẹ̀yìn lé e kó lè sinmi. Ìrìn ló ṣáájú ìsinmi nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Bàbá mi fi ṣọ́ọ̀kì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ fún ọdún 35. Nígbà tí wọ́n ní ó ti fẹ̀yìn tì, kò sẹ́ni tó ní láti túmọ̀ rẹ̀ fún wa nínú ilé, a rí ẹ̀yìn náà, ó ti tẹ̀. Ní ọdún kan, wọ́n ní kí àwọn tó ti fẹ̀yìn tì wá fi ara hàn pé àwọn ṣì wà láàyè kí owó wọn má baà dúró. Èmi ni mo gbé bàbá lọ sí ọ́fíìsì náà. A débẹ̀ láago méje àárọ̀, a jókòó títí oòrùn fi wọ̀, wọ́n wá ní orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé, ká padà wá. Owó tí a ń wá kiri nígbà yẹn kò lè ra àpò ìrẹsì méjì. Òun ni èmi mọ̀ sí owó ìfẹ̀yìntì.

Fún àwọn tó wọ iṣẹ́ lẹ́yìn ìran bàbá mi, òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2004 yí ètò náà padà, ti 2014 sì tún un ṣe: wọ́n ń yọ ìdá 8 nínú 100 owó oṣù òṣìṣẹ́, ẹni tó gbà á síṣẹ́ ń fi ìdá 10 kún un, wọ́n ń kó o sínú àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ òṣìṣẹ́ náà. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Omi tirẹ̀ ni, òun ló dà á.

Ẹ wá wo èyí tí wọ́n ń san fún gómìnà. Òfin tí Èkó ṣe ní 2007 fún gómìnà àná ní ilé kan l'Ékòó, òmíràn ní Àbújá, ó sì ní kí wọ́n máa pààrọ̀ ọkọ̀ fún un ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta, yàtọ̀ sí owó oṣù tí yóò máa gbà títí ayé. Iye ọdún tí ó pọ̀ jù lọ tí èèyàn lè fi jẹ gómìnà ní Nàìjíríà ni 8. Àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, Zamfara pa tiwọn rẹ́ ní 2019, Imo tẹ̀ lé e ní 2020, Gómìnà Sanwo-Olu náà sì sọ fún ilé aṣòfin Èkó ní oṣù Kọkànlá 2020 pé òun fẹ́ kí wọ́n fagi lé òfin 2007 yẹn. Ẹ gbọ́ ohun tí mo ń sọ: ohun tí ilé aṣòfin fi ọwọ́ ọ̀tún fúnni, tí ó lè fi tòsì gbà padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kì í ṣe ògiri tí ẹnì kan fi ìrìn ọdún 35 wá bá. Ìlú ló fẹ́ yẹ́ ẹni náà sí. Ẹ̀yẹ ni.

Nítorí náà, ohun tí mo gbé wá ni kí a máa pe èyí tí wọ́n ń san fún gómìnà àná àti ààrẹ àná ní owó ẹ̀yẹ, kí a fi owó ìfẹ̀yìntì sílẹ̀ fún olùkọ́, nọ́ọ̀sì, ọlọ́pàá àti akọ̀wé. Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ lásán ni. Nígbà tí akọ̀ròyìn bá kà á lórí rédíò pé "wọ́n fẹ́ gba owó ìfẹ̀yìntì gómìnà àná", àánú rẹ̀ yóò ṣe ìyá tó ń gbọ́ ọ, torí ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀ ló máa wá sí i lọ́kàn. Bó bá gbọ́ pé "wọ́n fẹ́ gba owó ẹ̀yẹ", yóò béèrè pé kí ló ṣe tí ẹ̀yẹ fi di ẹ̀tẹ́. Ìbéèrè tó yẹ kó béèrè nìyẹn.

Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fúnra rẹ̀ mọ ìyàtọ̀ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan náà ló lò fún méjèèjì. Abala 84 ní kí ààrẹ àti igbákejì rẹ̀ tó ti kúrò nípò máa gba owó tó bá owó ọdún ẹni tó wà lórí àléfà mu, títí ayé, àyàfi tí wọ́n bá yọ ọ́ nípò tàbí tí ó kúrò torí pé ó tẹ ìwé òfin lójú. Bí wọ́n bá yọ ọ́, owó tán. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nílùú wa náà nìyẹn: ìjòyè tí wọ́n bá rọ̀ lóyè kì í tún na ọwọ́ sí ìpín oyè náà. Àlàfo tó wà níbẹ̀ ni ẹni tó jalè lórí oyè, tó parí sáà rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, tí àṣírí wá tú lẹ́yìn rẹ̀. Abala yẹn kò dárúkọ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ó sì rèé, irú ẹni bẹ́ẹ̀ gan-an ni à ń sọ, torí pé gómìnà kì í jẹ́jọ́ ọ̀daràn nígbà tó wà lórí àléfà, abala 308 kò gbà kí wọ́n gbé e lọ.

Àbúrò wa ní ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ti ṣiṣẹ́. Ó dára, ṣùgbọ́n òfin iṣẹ́ ọba kò sọ bẹ́ẹ̀ fún akọ̀wé kékeré. Gbogbo ọmọ òṣìṣẹ́ ìjọba ló mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín "wọ́n ní kó fẹ̀yìn tì" àti "wọ́n lé e dànù". Ìlànà iṣẹ́ ọba sọ pé ẹni tí wọ́n bá lé dànù torí ìwàkiwà ti sọ àǹfààní ìfẹ̀yìntì rẹ̀ nù. Ìdí rèé tí ẹkún fi máa ń sọ nílé akọ̀wé tí wọ́n bá ká owó ìwé ẹ̀rí tó jí mọ́ lọ́wọ́. Èmi kò lè gbà pé ẹ̀yìn akọ̀wé yẹn fúyẹ́ ju ti gómìnà lọ. Bó bá jẹ́ tèmi, owó tí òṣìṣẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá, ìdá 8 yẹn, kí ẹnikẹ́ni má gbà á, ìbáà jẹ́ olè: ìyàwó àti ọmọ wà nílé. Ohun tó jí ni kó dá padà, láti inú ilé àti ilẹ̀ tó fi rà. Owó ẹ̀yẹ kò ní irú ìdáàbòbò yẹn.

Ó ku "ìgbẹ́sẹ̀lé". Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, kò bá a mu. EFCC máa ń gbẹ́sẹ̀ lé ilé àti àkáǹtì kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ tí a sì gbé lé nǹkan ṣeé gbé kúrò. Ọ̀rọ̀ náà tún sọ ìjọba di ẹni tó ṣe nǹkan, bí ẹni pé òun ló fẹsẹ̀ tẹ ohun olóhun. "Ìpàdánù" nìkan kò tó, torí a máa ń pàdánù èèyàn, a máa ń pàdánù owó nínú ọkọ̀, láìjẹ̀bi. A nílò ọ̀rọ̀ tó máa sọ pé ìwà ẹni náà ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. A ti ní "àfọwọ́fà" nínú èdè wa, ìyọnu tí èèyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà. Mo tẹ̀ lé ojú ọ̀nà yẹn, mo ní "àfìwàpàdánù". Ó rọrùn láti lò nínú gbólóhùn: "Gómìnà náà ti fìwà pàdánù owó ẹ̀yẹ rẹ̀."

Ìgbà wo ni yóò ti fìwà pàdánù rẹ̀? Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ lẹ́yìn ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Gómìnà Abia nígbà kan gba ẹ̀wọ̀n ọdún 12 ní oṣù Kejìlá 2019, ṣùgbọ́n ní oṣù Kárùn-ún 2020 ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ da ìgbẹ́jọ́ náà nù torí pé adájọ́ ti gba ìgbéga lọ sí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kó tó parí rẹ̀. Bí a bá ti kánjú, ìtìjú ni ì bá jẹ́.

Èyí tó le jù ni ìdáríjì. Ilé ẹjọ́ dá Jolly Nyame ti Taraba àti Joshua Dariye ti Plateau lẹ́bi ní 2018, ẹ̀wọ̀n ọdún 14 kọ̀ọ̀kan, kòtẹ́milọ́rùn wá dín in kù sí 12 àti 10. Ní oṣù Kẹrin 2022, ìjọba Buhari dárí jì wọ́n. Àwọn kan ní bí ìdáríjì bá ti dé, gbogbo nǹkan ti padà sí bó ṣe wà. Èdè wa kò gbà bẹ́ẹ̀. A ní dá láre, a ní dá lẹ́bi, a sì ní dárí jì. Ẹni tí a dá láre kò ṣe é. Ẹni tí a dárí jì ṣe é, a kàn ní kó máa lọ ni. Bí a bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bí a dàrán bora, aṣọ olè la dà bora. Kí ó bọ́ lẹ́wọ̀n, kò burú, àgbàlagbà ni. Owó ẹ̀yẹ kò gbọdọ̀ bá a jáde ní ẹnubodè ẹ̀wọ̀n.

Ẹnì kan dábàá "owó àjẹmọ́nú" dípò owó ẹ̀yẹ. Àwọn ìwé ìròyìn ti ń lò ó fún owó ìtura àti owó ìdágbére òṣìṣẹ́, ẹ jẹ́ kó dúró síbẹ̀. Mo mọ̀ pé àfìwàpàdánù gùn lẹ́nu. Bí ẹ bá rí èyí tó kúrú jù ú lọ, tó ṣì di ẹ̀bi náà mọ́ ẹni tó ṣe é, ẹ gbé e wá, n ó fi tèmi sílẹ̀.