Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí ohùn fídíò

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìlọrin ni mo wà, lápá Gáà Àkànbí, fọ́tò ni mò ń yà látọjọ́ yìí, àmọ́ ní báyìí kọ́sítọ́mà tó bá ti fẹ́ ṣe wòlímọ̀ á ní kí n fi fídíò kún un. Kámẹ́rà Canon 600D ni mò ń lò, àwòrán ẹ̀ dáa gan-an, ohùn ló ń dà mí láàmú. Níbi yìgì kan báyìí jẹnẹrétọ̀ bo ohùn Àáfà mọ́lẹ̀ pátápátá, ó dùn mí gan-an torí àdúrà yẹn ò ṣeé tún yà. Kámẹ́rà náà tún máa ń dá dúró tí fáìlì fídíò bá ti tó 4GB, bíi ìṣẹ́jú 12. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n ra máìkì tí wọ́n ń fi há aṣọ ni, àbí rẹ́kọ́dà ọ̀tọ̀?