"Gbóná" ni kó wà lórí bọ́tìnnì, kì í ṣe "gbígbóná"

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o. Mo ka àkójọ ọ̀rọ̀ tí ẹ ṣe fún àwọn olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ní Ìlọrin, àwọn tó ń fi ẹ̀rọ tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ bá tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ kọ́ ọmọ ọdún 3 sí 5 tí kò tíì lè fẹnu sọ̀rọ̀. Ẹ pe ẹ̀rọ náà ní "agbẹnusọ", ẹ sì to ọ̀rọ̀ àpèjúwe 9 sórí rẹ̀: gbígbóná, títutù, ńlá, kékeré, dídùn, pupa, ewéko, búlúù, yẹ́lò. Pé Yorùbá ni ẹ fẹ́ kó máa sọ, inú mi dùn sí i gan-an. Àmọ́ orúkọ yẹn, àti irú ọ̀rọ̀ tí ẹ mú, ẹ jẹ́ ká tún un gbé yẹ̀ wò.

Agbẹnusọ lè yí ọ̀rọ̀ padà, ó sì lè fi tirẹ̀ kún un. Ẹ̀rọ yìí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ ló ń yan ọ̀rọ̀, ọmọ ló ń tẹ̀ ẹ́, ohun tó wà nínú ọmọ ló ń jáde. "Ẹ̀rọ asọ̀rọ̀" tí àwọn kan dá lábàá kò ṣe é mú, torí asọ̀rọ̀mágbèsì ti wà nílẹ̀, rédíò lèèyàn máa kọ́kọ́ rò. Ohun tí àwọn ìyá ń sọ ni pé "ọmọ mi ò tíì fọhùn". Ẹ jẹ́ ká kúkú pè é ní ẹ̀rọ ìfọhùn.

Ọ̀rọ̀ àpèjúwe gan-an ló ká mi lára. Bí ọmọ bá tẹ "omi" tó sì tẹ "gbóná", ẹ̀rọ á ní "omi gbóná". Gbólóhùn ti pé nìyẹn, ọmọ ti sọ nǹkan. Bó bá jẹ́ "omi gbígbóná" ló jáde, a ṣì ń dúró ká gbọ́ ohun tó ṣe omi náà. Ẹ wá fi "kò" sáàárín: "omi kò gbóná" já geere, "omi kò gbígbóná" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni. Ìdí kan náà ni mo fi fẹ́ "tóbi" dípò "ńlá". Ọmọ lè ní "kò tóbi", ó lè ní "ó tóbi jù", àmọ́ kò sí ibi tó máa gbé "kò ńlá" lọ. "Títutù" ní tirẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í bèèrè omi títutù lọ́wọ́ ẹni tó ń ta omi. Omi tútù ni. "Tútù" yẹn sì tún jẹ́ ti ẹran tí a kò tíì sè. Ẹ jẹ́ ká lo "tutù".

Ẹ wo ẹ̀rọ kékeré bíi GoTalk 9+. Ó ní bọ́tìnnì ńlá 9, 3 ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ó ní ìpele 5 (ìyẹn àkójọ ọ̀rọ̀ márùn-ún tí a lè gbà sí i lọ́tọ̀ọ̀tọ̀), ó sì ní bọ́tìnnì 3 lókè tí ọ̀rọ̀ wọn kì í yí padà bí ẹ bá ń ti ìpele kan bọ́ sí òmíràn. Ẹ fi "kò" àti "jù" sí méjì nínú àwọn tòkè yẹn. Ní apá òsì, ẹ to orúkọ oúnjẹ mẹ́ta sísàlẹ̀ ara wọn: omi, ẹ̀kọ, wàrà (èyí tó dì, kì í ṣe ti mímu). Ẹ to ọ̀rọ̀ àpèjúwe mẹ́fà sí àárín àti apá ọ̀tún: gbóná, tutù, le, tóbi, dùn, àti èyí tí a ṣì ń jiyàn lé lórí. Bí ẹ bá fẹ́ lọ sí ìpele aṣọ, orúkọ mẹ́ta apá òsì nìkan ni kí ẹ pààrọ̀. Ìka ọmọ ń mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà kí ojú rẹ̀ tó dé ibẹ̀. Bí "gbóná" bá ṣí kúrò, ńṣe lọmọ á bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ rántí pé bébà tó ní àwòrán, èyí tí a ń fi sórí ẹ̀rọ, kì í pààrọ̀ ara rẹ̀. Ẹni tó bá yí ìpele tó gbàgbé bébà, ọmọ á tẹ àwòrán wàrà, ẹ̀rọ á ní "bàtà".

Ẹnìkan bèèrè àwọ̀ tí a ó fi sẹ́yìn àwòrán. Edith Fitzgerald, olùkọ́ ará Amẹ́ríkà tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ adití, ló gbé ètò kan jáde ní 1926 láti fi kọ́ ọmọ adití bí a ṣe ń to gbólóhùn. Àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀ ló fi àwọ̀ kún un, tí wọ́n fi àwọ̀ ewéko fún ọ̀rọ̀ ìṣe, búlúù fún àpèjúwe. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀rọ̀ ìṣe ni "gbóná". Síbẹ̀, búlúù ni mo fẹ́ ká fi sí i, torí kí ọmọ lè tètè rí i ni àwọ̀ wà fún. Ohun tí a kò gbọ́dọ̀ gbà ni kí a to àpèjúwe ṣáájú orúkọ bíi ti Gẹ̀ẹ́sì.

"Dùn" gba ìṣọ́ra. "Ẹ̀kọ dùn" kò ní wàhálà, àmọ́ "etí ń dùn mí" ńkọ́? Ọmọ tí etí ń dùn á tẹ "dùn", olùkọ́ á rò pé ó ń gbádùn ni. Bọ́tìnnì kẹta tó wà lókè ni kí ẹ gba "ó ń dùn mí" sí lódindi, pẹ̀lú àwòrán ẹni tó ń sunkún.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ohùn kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe fún Gẹ̀ẹ́sì ka Yorùbá. "Tutù" àti "tútù" bákan náà ni yóò pè wọ́n. Ohùn èèyàn ni kí ẹ gbà sílẹ̀, ẹnì kan náà ló yẹ kó sọ gbogbo rẹ̀, ní yàrá tí fáànù àti jẹnẹrétọ̀ kò ti dún. Bí ilé ọmọ bá jẹ́ ti Ìgbómìnà, ní Òmù-Àrán tàbí Àjàṣẹ́-Ìpo, ẹ wá ẹni tó ń sọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé.

Ní ti kíkọ́, ẹ mú "le". Ẹ má fi "rọ̀" tì í lọ́jọ́ kan náà, ọmọ á máa fi ọ̀kan pe èkejì. Olùkọ́ á mú kúlíkúlí, á fi gbá tábìlì kó dún ko, á ní "kúlíkúlí le", bó sì ṣe ń sọ "le" ni yóò máa tẹ̀ ẹ́. Á gbé e fún ọmọ kí òun náà gbá a. Ọmọ tí gbígbé nǹkan mì ń ni lára kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà ìkòkò kékeré láti Dada, ibi tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò ní Ìlọrin, lẹ́yìn náà òkúta. Nígbà tí wàrà bá dé, kó jẹ́ kí ọmọ fi ìka tẹ̀ ẹ́, kí olùkọ́ fúnra rẹ̀ tẹ "kò", kó tẹ "le". Kó wá dákẹ́, kó ka ení, èjì dé ẹ̀wá nínú ọkàn rẹ̀. Ibi ìdákẹ́ yìí ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti ń kù díẹ̀ káàtó: wọn á di ìka ọmọ mú, wọn á fi tẹ bọ́tìnnì, ọmọ á sì kọ́ pé kí òun máa dúró de ọwọ́ ẹlòmíràn. Bí ọmọ bá tẹ "le", ẹnu olùkọ́ ni kí "koko" ti wá: "Ó le koko!" Ẹ má gba "koko", "nini" tàbí "fòò" sínú bọ́tìnnì, wọn kì í fẹ́ bá "kò" rìn.

Àwọ̀ mẹ́rin inú àkójọ yín, ẹ jẹ́ kó di ìpele kẹrin tàbí ìkarùn-ún. Ilé-ìwé fẹ́ràn wọn torí wọ́n rọrùn láti fi dán ọmọ wò, àmọ́ ọmọ kò lè fi "búlúù" sọ pé ẹ̀kọ ń jó òun lẹ́nu. Bọ́tìnnì "ewéko", bí kò bá sí "àwọ̀" níwájú rẹ̀, koríko lọmọ ń sọ. "Pupa" náà, láti epo dé ara ẹni tó mọ́ra ló gbà, ẹ má fi ṣèdánwò oríṣi ọ̀kan ṣoṣo.

Ó wá ku bọ́tìnnì kẹfà. "Kékeré" ni ẹ kọ, òun náà sì ni àwọn ọmọdé ń gbọ́ jù. Ṣùgbọ́n "kò kékeré" kò dún dáadáa létí mi, "kò kéré" ló já geere. "Kéré" tún ń jẹ́ kí ọmọ sọ pé ẹ̀kọ tí wọ́n bù fún òun kò tó. Ẹ̀gbọ́n, ṣé àwọn ọmọ ọdún 3 ní agbègbè yín ń lo "kéré" fún ìwọ̀n nǹkan, àbí oúnjẹ tí kò tó nìkan ni wọ́n ń fi í pè? Bó bá jẹ́ ti oúnjẹ nìkan, à jẹ́ pé àwòrán abọ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo ni ká fi sí i.