Àrólé kọ́ ni ẹni tí à á pè: èsì lórí ọ̀rọ̀ adójútòfò, ogún àti ẹjọ́

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí gbogbo yín.

Nínú lẹ́tà tí ẹ̀gbọ́n wa fi ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n dá àbá ọ̀rọ̀ mélòó kan fún àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò tí wọ́n ń ṣàlàyé òfin tuntun lórí iṣẹ́ adójútòfò, ìyẹn ìnṣọ́ránsì, èyí tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú bu ọwọ́ lù ní ọdún 2025. Wọ́n ní kí a máa pe ìnṣọ́ránsì tí òfin sọ di dandan fún gbogbo ọlọ́kọ̀ ní "adójútòfò ẹnìkẹta". Wọ́n ní kí a máa pe ẹni tí báǹkì àti ilé-iṣẹ́ adójútòfò ń béèrè orúkọ rẹ̀ lórí fọ́ọ̀mù, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "next of kin", ní "àrólé". Ẹ̀tọ́ tí ilé-iṣẹ́ adójútòfò ní láti lépa ẹni tó fa òfò dé ilé ẹjọ́, wọ́n ní kó máa jẹ́ "ìwọ-bàtà-oníbàtà". Mo fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́ pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò wọ̀ mí létí, àti pé èyí tó wà láàárín léwu.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá ti àwa tí a ń fi èdè dárà. Òfin tuntun náà ló rọ́pò ti ọdún 2003. Ó sọ pé ilé-iṣẹ́ tó bá ń ṣe adójútòfò ẹ̀mí kò gbọdọ̀ ní owó ìdókòwò tó dín ní bílíọ̀nù 10 náírà. Tó bá jẹ́ ti dúkìá, bílíọ̀nù 15. Àwọn tó sì ń bá àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò fúnra wọn gbé ẹrù òfò, bílíọ̀nù 35. Ó tún dá àpò owó kan sílẹ̀ tí wọn yóò máa fi gba àwọn oníbàárà lọ́wọ́ ìyà bí ilé-iṣẹ́ kan bá dẹnu kọlẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá sì ti ń yẹ ìwé adójútòfò ọkọ̀ wò lójú pópó láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2025. Ọ̀rọ̀ tí a bá fi sí ẹnu sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ lónìí, òun ni awakọ̀ yóò fi bá ọlọ́pàá jiyàn lọ́la.

N kò bá "adójútòfò" fúnra rẹ̀ jà o. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ gbọ́ èdè. Kò mú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó máa tú u ní ẹyọ-ẹyọ. Ó wo ẹni tí iná jó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí kò sì di alágbe, ó ní ojú ti òfò. Irú ọgbọ́n kan náà ló bí "kòtẹ́milọ́rùn". Gbólóhùn tí ẹni tó pàdánù ẹjọ́ ń sọ bó ti ń jáde ní kóòtù ni Yorùbá gbé, tó sọ di orúkọ ilé ẹjọ́ tó kàn. Ọ̀nà yẹn ni mo fẹ́ kí a tọ̀. Àléébù kan ṣoṣo ni mo rí lára adójútòfò: orúkọ náà ṣèlérí ju òfin lọ. Ní ti dúkìá, òfin kò ní kí wọ́n sọ ọ́ dọlọ́rọ̀. Ipò tí o wà kí òfò tó dé ni wọ́n ń dá ọ padà sí, kò ní í kọjá iye tó wà nínú ìwé. Tó bá sì jẹ́ ti ọkọ̀ tó di dandan yìí, òfò tìrẹ kò tilẹ̀ sí nínú rẹ̀ rárá.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo jókòó ní gáréèjì kan ní Ìwó Róòdù n'Ìbàdàn, tí awakọ̀ kan ń fi ìwé rẹ̀ han àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ti ká ìwé náà sí mẹ́rin sínú ọ̀rá pẹ̀lú páátíkúlà ọkọ̀, ojú ìká ti fẹ́ já. Búrékì ló já a kulẹ̀ tó fi lọ gbá géètì onílé. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò san owó géètì, wọn kò sì fún un ní kọ́bọ̀ fún bọ́nẹ́ẹ̀tì àti rédíétọ̀ tirẹ̀. Ó ní, "Adójútòfò ni mo rà, òfò ló wá dójú tì mí." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ náà kò rẹ́ ẹ jẹ. Ọ̀rọ̀ ló ṣì í lọ́nà.

Ṣé "ẹnìkẹta" ni yóò wo èyí sàn? Bí ẹ bá sọ fún awakọ̀ yẹn pé ti ẹnìkẹta ló rà, yóò bi yín pé ta ni ẹnìkíní, ta ni ẹnìkejì. Létí Yorùbá, ẹnìkẹta ni ẹni tó wá lẹ́yìn ẹni méjì, tàbí ẹni tó ń tojú bọ ọ̀rọ̀ tọkọtaya. Kò sí awakọ̀ tó ń ka ara rẹ̀ sí ẹnìkíní, kó ka ilé-iṣẹ́ sí ẹnìkejì. Agbẹjọ́rò ló ń kà á bẹ́ẹ̀. "Adójútòfò ẹlòmíràn" ni mo dá lábàá. Orúkọ náà ti ṣàlàyé ara rẹ̀ tán: owó tó gun orí láti 5,000 náírà sí 15,000 fún ọkọ̀ ilé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 yẹn, dúkìá ẹlòmíràn tí o bá bà jẹ́ ló wà fún, títí dé mílíọ̀nù 3 náírà, àti ẹlòmíràn tó bá fara pa tàbí tó kú. Èyí tó wọ́n jù ú lọ, tó ń tún ọkọ̀ ẹni tó rà á àti ti ẹni tó gbá ṣe, ẹ jẹ́ kí a pè é ní "adójútòfò tèmi-tìrẹ". Ní ti "adójútòfò ẹ̀mí", n kò tíì rí ọ̀rọ̀ mìíràn tó tẹ́ mi lọ́rùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń dún létí àwọn àgbà bí ẹni pé oògùn àìkú ni wọ́n ń tà.

Ọ̀rọ̀ tó bà mí lẹ́rù nìyí: àrólé. Ẹni tí kò jẹ́ kí ilé bàbá dahoro ni à ń pè ní àrólé; ìjókòó lórí ohun òkú wà nínú rẹ̀. Nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole ní Èkó ní 1908, àkọ́bí ọkùnrin, tí Èkó ń pè ní Dáwódù, ni ilé ẹjọ́ gbà pé ó di olórí ẹbí lẹ́yìn bàbá. Ẹni tí fọ́ọ̀mù báǹkì ń béèrè kò sún mọ́ èyí. Àwọn ilé ẹjọ́ wa ti sọ ọ́ pé kíkọ orúkọ ènìyàn síbẹ̀ kò sọ ọ́ di ajogún. Ẹ wá wo ọkùnrin tó kọ orúkọ ìyàwó rẹ̀ síbẹ̀, bí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣe, tó kú láìkọ ìwé ìhágún. Lábẹ́ àṣà Yorùbá bí àwọn adájọ́ ti ń là á kalẹ̀, àwọn ọmọ ló ń jogún, ìyàwó kì í jogún ọkọ, àyàfi bó bá jẹ́ ìgbéyàwó kóòtù, tí òfin mìíràn wọ̀. Bí fọ́ọ̀mù Yorùbá bá wá pe ìyàwó náà ní àrólé, àwa olùtumọ̀ la fi ìjà sílẹ̀ fún ọjọ́ ìpíngún.

Ìbéèrè tí fọ́ọ̀mù ń bi ni kò ṣòro: bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ta ni ká pè? Ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ "ẹni-à-á-pè". Orí ìwé adójútòfò ẹ̀mí ní àyè mìíràn, ti ẹni tí wọn yóò san owó fún. Èyí kò jọ ti àkọ́kọ́, nítorí owó náà tọ́ sí i ní tòótọ́. "Ẹni-owó-kàn" ni màá pe ìyẹn. Ọ̀tọ̀ ni ìlà méjèèjì, ẹnì kan náà sì lè wà nínú méjèèjì.

Ẹ̀gbọ́n wa tún kọ ọ́ pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ òfin tó já gaara fún pípín ogún, kí a yá ti Látìnì. Háà, ẹ̀gbọ́n! Nígbà tí ẹjọ́ Danmole àti Dawodu dé Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù (Privy Council, kóòtù tó ga jù fún wa nígbà náà) ní 1962, ọ̀rọ̀ Yorùbá méjì ni àwọn adájọ́ Òyìnbó fi dájọ́ ogún Suberu Dawodu, tó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀: ìdí-igi, tí à ń fi iye ìyàwó pín ogún, àti orí-ò-jorí, tí à ń fi iye ọmọ pín in. Wọ́n fọwọ́ sí i pé ìdí-igi ni ìpìlẹ̀ àṣà, pé orí-ò-jorí jẹ́ ọ̀nà tí olórí ẹbí lè yà sí nígbà tí ìjà bá fẹ́ bẹ́ sílẹ̀. Ká ní mílíọ̀nù 12 náírà ni ogún, tí ìyàwó kan bí ọmọ márùn-ún, tí èkejì bí ẹyọ kan. Ní ìdí-igi, mílíọ̀nù 6 ni ìdí kọ̀ọ̀kan. Ọmọ kan ṣoṣo yẹn dá 6 gbà, àwọn márùn-ún yòókù pín 6, ó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan ní mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún 200. Ní orí-ò-jorí, mílíọ̀nù 2 ni fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ Látìnì tí ẹ fẹ́ yá, "per stirpes", ìdí ọmọ ló ń kà; kò mọ ìdí ìyá. Orí-ò-jorí sì tún jẹ́ gbólóhùn odindi, orí kan ò ju orí kan, bí kòtẹ́milọ́rùn ti rí. (Ìwé àkójọ ẹjọ́ ń tẹ̀ ẹ́ láìfi àmì sí i, mo sì ti gbọ́ agbẹjọ́rò tó pè é bí orúkọ ìlú.)

Ó wá ku ìwọ-bàtà-oníbàtà. Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ pé ènìyàn wọ bàtà ẹlòmíràn bó bá gba ipò rẹ̀, kì í ṣe àwa. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé, lẹ́yìn tí ilé-iṣẹ́ bá ti san owó òfò fún ọ, ó lè lọ gba owó náà lọ́wọ́ ẹni tó ṣe ọ́ níjàǹbá, ṣùgbọ́n orúkọ tìrẹ ni yóò wà lórí ìwé ìpẹ̀jọ́ gẹ́gẹ́ bí olùpẹjọ́. Ohun tó ń ya àwọn oníbàárà lẹ́nu nìyẹn, òun ló sì yẹ kí ọ̀rọ̀ wa gbé jáde: "ìforúkọ-oníǹkan-pẹjọ́". Mo mọ̀ pé ẹ ó sọ pé ó gùn. Ẹni tó bá ọ̀gá ọlọ́kọ̀ ńlá àdúgbò rẹ̀ pàdé, tí ìyẹn bi í pé kí ló dé tó fi gbé òun lọ sí kóòtù, kò ní í kà á sí gígùn.