Kí ló dé tí wọ́n fi ní kí a gun òkè oníyìnyín ní aago mẹ́ta òru?

Ará Kubwa:
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ní oṣù kẹrin, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Casablanca fẹ́ gun òkè Toubkal ní ilẹ̀ Mòrókò, tí ó ga ní mítà 4,167, tí kò sì sí òkè tó ga tó o ní àríwá Áfíríkà. Afinimọ̀nà wa ní a kò ní gba ọ̀nà tí èrò ń gbà. Inú àlàfo tóóró kan tó dà bí ojú àgbàrá ni a ó gbà, tí àpáta dúró sí ọ̀tún àti òsì rẹ̀, tí yìnyín sì kún inú rẹ̀. Aago mẹ́ta òru ni a ó sì gbéra. Èmi tí mò ń gun òkè Katampe ní Abuja ní gbogbo ọjọ́ Sátidé kò tíì fi ẹsẹ̀ tẹ yìnyín rí. Ṣé kò ní sàn kí a dúró de ìmọ́lẹ̀ ni?

Bàbá Jos:
Àbúrò mi, ẹ má dúró de ìmọ́lẹ̀ kankan. Ṣé ẹ mọ bí òrí ṣe máa ń dì gbagidi ní òwúrọ̀ ọyẹ́, tí yóò sì ti rọ̀ nígbà tí oòrùn bá mú? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni yìnyín ìgbà náà rí. Òtútù òru ni ó ń so ó pọ̀, tí irin eléyín tí ẹ dè mọ́ bàtà fi ń rí nǹkan dì mú. Bí oòrùn bá ti wọ inú àlàfo náà, òkúta tí yìnyín so mọ́ ara àpáta yóò bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́, yìnyín tó ti rin gbingbin náà sì lè ya lulẹ̀ lódindi. Ohunkóhun tó bá já láti òkè, inú àlàfo yẹn ni yóò gbà, nítorí pé òun gan-an ni gọ́tà òkè náà. Ẹ má gbàgbé akoto.

Ẹ tún wo ojú ọ̀run ní alẹ́. Bí ìkùukùu bá bò ó mọ́lẹ̀, ooru kò ní rí ọ̀nà jáde, yìnyín lè má dì rárá. Bí ẹsẹ̀ yín bá ń rì kọjá ọrùn ẹsẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ yí padà, ìbáà ṣe pé ẹ ti ń rí ṣóńṣó orí òkè.

Ìyá Ìbejì, Kàdúná:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, àmọ́ ẹni tí kò tíì tẹ yìnyín rí ni ẹ ń bá sọ̀rọ̀ o! Lójú tèmi, àlàfo kọ́ ni ó yẹ kó fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá yọ̀ níbẹ̀ kì í pẹ́ tó fi ń sáré bí ọkọ̀ tí búrẹ́kì rẹ̀ já, àfi bí ó bá yára dojú bolẹ̀ tí ó sì fi gbogbo ara tẹ ẹnu àáké tí agùnkè ń mú lọ́wọ́ mọ́ yìnyín. A kì í ronú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọwọ́ ni ó gbọ́dọ̀ ti mọ̀ ọ́n. Ẹ bẹ afinimọ̀nà pé kí ó fi odidi ọjọ́ kan kọ́ yín ní ibi tí kò dagun púpọ̀.

Katampe yóò kọ́ ẹsẹ̀ yín, kò lè kọ́ èémí yín. Abuja kò ga tó 600 mítà, ilé tí àwọn agùnkè ń sùn sí lára Toubkal sì wà ní nǹkan bí mítà 3,200. Ẹ sun oorun ọjọ́ méjì níbẹ̀. Bí orí bá ń fọ́ yín tí èébì sì ń gbé yín, ìsàlẹ̀ ni oògùn rẹ̀.

Bàbá Jos:
Òótọ́ ni Ìyá Ìbejì sọ. Mo ti gbàgbé pé èmi náà fi ọjọ́ méjì ṣubú kí n tó mọ àáké lò.

Ará Kubwa:
Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Mo ti kọ̀wé sí afinimọ̀nà náà lálẹ́ yìí pé kí ó fi ọjọ́ méjì kún ìrìn àjò wa, ó sì ti gbà. Ó ní ọ̀nà tí èrò ń gbà ni a ó kọ́kọ́ gùn, pé yóò wo bí mo ṣe ń lo àáké kí ó tó dá sí ọ̀rọ̀ àlàfo.