Tòmátì wẹ́wẹ́ lórí bákónì: òdòdó ń yọ àmọ́ kò so

Ewé_Tútù: Ẹ ǹlẹ́ o ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí o. Mo gbin tòmátì wẹ́wẹ́ sínú báàkẹ́tì lórí bákónì (ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè ilé), ibẹ̀ ò fẹ̀ rárá, ògiri sì yí i ká. Ó ti ga dé àyà mi, ewé ẹ̀ dúdú minimini, òdòdó ń yọ dáadáa, àmọ́ kò ní pẹ́ tí gbogbo ẹ̀ á fi gbẹ, á sì já bọ́, ọmọ kan ò sí níbẹ̀. Mò ń fún un ní ajílẹ̀ dáadáa o, oòrùn sì ń dé ibẹ̀ láti àárọ̀ di ọ̀sán. Kí ló ń ṣe é?

Àgbẹ̀_Òkè_Ilé: Ẹ kú iṣẹ́ o. Oòrùn yẹn tó, wákàtí 6 sí 8 ni tòmátì ń fẹ́. Ajílẹ̀ yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ dá dúró, tí náítírójìn, èròjà ajílẹ̀ tó ń mú ewé dàgbà, bá ti pọ̀ jù, ewé nìkan ni igi á máa bí, kò ní ráyè ọmọ. Tó bá ti ń yọ òdòdó, ajílẹ̀ tí pòtásíọ̀mù, èròjà tó ń ran òdòdó àti èso lọ́wọ́, pọ̀ nínú ẹ̀ ni kí ẹ wá. Ẹ wò ó, akọ àti abo wà nínú òdòdó tòmátì kan ṣoṣo, kò nílò òmíì, àmọ́ nǹkan gbọ́dọ̀ mì ín kí lẹ́búlẹ́bú inú ẹ̀ tó lè dà sílẹ̀. Nínú oko, afẹ́fẹ́ àti oyin ló ń ṣe é, níbi tí ògiri yí ká ẹ̀yin lẹ máa bá a ṣe é. Ẹ fi ìka ta ọrùn òdòdó náà jẹ́jẹ́ láràárọ̀ tí ìrì bá ti gbẹ.

Ìyá_Ọlọ́gbà: Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ má fojú fo ooru o!! Tí ọ̀sán bá ń kọjá 32°C, tàbí tí òru ò lọ sísàlẹ̀ 24°C, kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa mì í tí á so. Ògiri máa ń gba ooru sára lọ́sàn-án á wá máa tú u jáde lóru, torí náà ẹ fa báàkẹ́tì yẹn kúrò lára ògiri, ẹ gbé e lé pákó, ẹ fi aṣọ funfun fẹ́lẹ́ ṣíji bò ó tí oòrùn bá mú gan-an. Báwo ni báàkẹ́tì náà ṣe tóbi sí? Ṣé ihò wà nídìí ẹ̀?

Ewé_Tútù: Ẹ ṣé gan-an ni mà. Lítà 10 ni, ihò wà. Ṣé kí n tú u sí ńlá? Ṣé kí n sì gé àwọn ẹ̀ka kéékèèké tó ń yọ láàárín igi àti ewé?

Ìyá_Ọlọ́gbà: Ẹ má tú u mọ́, gbòǹgbò á já. Irú tó ń ga báyìí, lítà 20 ló yẹ ẹ́, 10 kéré sí i, torí ẹ̀ ni omi ṣe máa ń tètè gbẹ níbẹ̀, òùngbẹ náà sì ń já òdòdó. Ẹ ki ìka bọ ilẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, tó bá gbẹ ẹ bomi sí i. Ẹ má jẹ́ kó gbẹ táútáú kẹ́ ẹ wá rọ omi lé e lórí lẹ́ẹ̀kan, tó bá so tán ìdí ọmọ á dúdú á rà, torí omi ló ń gbé kálísíọ́ọ̀mù, èròjà tó ń mú ara èso le, dé ibẹ̀.

Àgbẹ̀_Òkè_Ilé: Ẹ máa já àwọn ẹ̀ka yẹn nígbà tí wọ́n ṣì kéré, ẹ so igi mọ́ ọ̀pá. Àmọ́ tó bá jẹ́ tòmátì kúkúrú o, ẹ má fọwọ́ kàn án, orí àwọn ẹ̀ka yẹn ló ń so sí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbin òmíì, ẹ wá irúgbìn Micro Tom tàbí Tiny Tim, Micro Tom ò fi bẹ́ẹ̀ ju 20 cm lọ, ìkòkò kékeré lójú fèrèsé tó o.